Yúkà Díkínì Oyèwálé

Ẹjọ́ igi dé ààfin Òkè Ayọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1996, nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré kí Sátidé ìmọ́tótó pé.

Òkè Ayọ̀ ni àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú Inísà, bí èèyàn bá ń lọ sọ́nà Òkukù. Ààfin tí à ń wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ ni: àga mẹ́jọ, kàlẹ́ńdà mẹ́ta tí ọdún wọn ti kọjá, àti tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Baálẹ̀ kì í ṣe ọba o, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pè é ní Kábíyèsí, kì í bá a jiyàn.

Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá ni Ọmọ́wùnmí, opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onígi. Kì í ṣe pé ó ń ta igi ìdáná. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ọmọ igi ìjọba, tó ń gbin tíìkì àti mẹláínà sínú ọ̀rá dúdú, tó ń bomi rin wọ́n, tó ń lé tata kúrò lára wọn, títí wọ́n á fi kó wọn lọ sínú igbó ọba. Gbogbo igi tó gbìn láyé rẹ̀, nítorí kí wọ́n lè gé e ni wọ́n ṣe ní kó gbìn ín. Òmíràn di pákó, òmíràn di òpó iná. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1989, ó kọ́ ilé yàrá mẹ́ta sí Òkè Ayọ̀, ó sì rò pé òun pẹ̀lú igi ti parí ọ̀rọ̀.

Àmọ́ Òkè Ayọ̀ ìgbà náà kò ní igi kankan. Oko kòkó àti obì ni wọ́n pín sí pulọ́ọ̀tì, katakata ló sì tún un ṣe. Katakata ò mọ igi òjìji yàtọ̀ sí igi ẹ̀gún. Ilé dé, ọ̀nà dé, wáyà iná dé, oòrùn náà sì rí àyè jókòó. Ní ìsàlẹ̀ òpópó, sọ́míìlì kan ń lagi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun pákó rẹ̀ sì ń bà sínú ọbẹ̀ àwọn èèyàn bí ẹni ń fi ata sí i.

Ẹgbẹ́ onílé bá wá bẹ Ọmọ́wùnmí ní 1991. "Màmá, ẹ bá wa yan igi tó máa yẹ òpópó wa."

Oṣù mẹ́ta ló fi yàn án. Ó fi okùn wọn bí wáyà ṣe ga tó, ó gbẹ́ ilẹ̀ wò, ó dúró nínú òjò kó lè rí ibi tí àgbàrá ń gbà. Ní apá òsì, níbi tí wáyà kò gbà, ó ní kí wọ́n gbin igi fúrúùtù, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ́ rẹrẹ. Ní ìdí sọ́míìlì, ó ní kí wọ́n to kajú àti dongoyárò ní ìlà mẹ́ta, kí wọ́n fi pèrègún dí ẹsẹ̀ wọn, kó di ògiri tí ariwo àti ìyẹ̀fun kò ní lè fò kọjá. Ní apá ọ̀tún, lábẹ́ wáyà gan-an, ọsàn wẹ́wẹ́ ló yàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ga dé wáyà, gbòǹgbò rẹ̀ kì í fọ́ gọ́tà, ewúrẹ́ ń bẹ̀rù ẹ̀gún rẹ̀, àwọn ọmọdé ò sì ní sọ òkò lu èso tó kan.

Igi wọ̀nyẹn gbọ́ràn, wọ́n dàgbà. Ìyẹ̀fun kúrò nínú ọbẹ̀. Ní ọ̀sán, Ọmọ́wùnmí a gbé àpótí síta, a jókòó, a máa wo òpópó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó gbin igi tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ikú rẹ̀ sínú ìwé.

Iwájú ilé kan ṣoṣo ni nǹkan ti wọ́. Ilé náà ni ti Oyèwálé, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì, díkínì nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, alága ẹgbẹ́ onílé. Oyèwálé kò ga. A ò fi ìyẹn bú u, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òpópó náà, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí. Nígbà tí wọ́n gbin ọsàn wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi hú u. Ó gba Ìkìrun lọ, ó ra igi òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní yúkàlípítọ́ọ̀sì. Orúkọ yẹn wúwo lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, wọ́n bá gé e sí Yúkà.

Ọdún mẹ́rin kò tíì pé tí Yúkà fi ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ní oṣù kẹta 1996, òjò àkọ́rọ̀ gbé ìjì dé, Yúkà ṣẹ́ ní agbedeméjì, ó wó lu wáyà, wáyà já, ó sì pa àgbò tíṣà Jọláyẹmí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àdúgbò fi wà láìní iná. Oyèwálé pe ìpàdé kíákíá. Kí ẹnikẹ́ni tó ya ẹnu, ó ti ní igi ti di ewu fún ọmọ ènìyàn. Ìpàdé sì pinnu pé ní Sátidé ìmọ́tótó tó ń bọ̀, kí onílé kọ̀ọ̀kan mú àdá àti ayùn jáde, kí wọ́n gé gbogbo igi òpópó mọ́lẹ̀, àti òsì, àti ọ̀tún, àti ti ìdí sọ́míìlì.

Ọmọ́wùnmí dúró ka lẹ́tà tí ẹgbẹ́ fi kéde ìpinnu náà fún onílé. Nígbà tó kà á tán, ó jókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wé gèlè, ó di ilé Baálẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa ga, wọ́n ti ránṣẹ́ pe gbogbo ẹni tọ́ràn kàn.

"Ìyá Onígi, ta lẹ pè lẹ́jọ́?" Baálẹ̀ béèrè.

"Díkínì Oyèwálé ni, Baálẹ̀."

"Kí ló ṣe yín?"

"Ó fẹ́ pa àwọn igi mi."

"Igi yín kẹ̀? Mo ṣebí ẹgbẹ́ ló rà wọ́n."

"Ẹgbẹ́ ló rà wọ́n. Èmi ni mo yàn wọ́n."

Ọ̀tún Baálẹ̀, baba arúgbó kan tó ti ṣe télọ̀ rí, tó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ, na ìka sókè. "Ẹ dúró ná. Bí èèyàn bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan ìyàwó, ṣé ó ti di ọkọ ìyàwó nìyẹn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ́wùnmí kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀tún, bí ẹ bá bá ọ̀rẹ́ yín yan ìyàwó, tí ẹ wá gbọ́ pé ó fẹ́ fi ayùn gé e ní Sátidé, ṣé ẹ máa dákẹ́?"

Ọ̀tún rọra ká ìka rẹ̀ wálẹ̀. Baálẹ̀ yí ojú sí Oyèwálé, tó wọ agbádá léèsì aláwọ̀ ewé, tó jókòó sí etí àga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kanlẹ̀.

"Díkínì, ṣé ìwọ lo gbin Yúkà?"

"Kábíyèsí, rárá o."

Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Kí lo wá gbìn?"

"Igi kékeré kan ni mo gbìn. Kò ga ju orúnkún lọ."

"Orúnkún ta ni?" ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?" Oyèwálé dìde. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

"Jókòó," Baálẹ̀ wí. "Kí ló wá sọ igi orúnkún di igi tó ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ?"

"Àdúrà ni, Kábíyèsí."

"Àdúrà ta?"

"Ti pásítọ̀ wa. Ní ìsìn ìdúpẹ́ ọdún tuntun, wọ́n gbàdúrà fún mi pé ohunkóhun tí mo bá dáwọ́ lé yóò ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Mo ṣe àmín. Mo ti dáwọ́ lé igi yẹn kí n tó ṣe àmín. Ṣé kí n wá padà lọ bá Ọlọ́run pé kó yọ igi kúrò níbẹ̀?"

"Àmín mélòó lo ṣe?" Ọ̀tún béèrè.

"Méje."

"Ó ti pọ̀ jù fún abẹ́ wáyà."

"Wáyà náà ńkọ́?" Baálẹ̀ bi í. "Àdúrà ló ní kí igi wó lù ú?"

"Igi mi kò wó lu wáyà. Wáyà ló dínà mọ́ igi mi. Igi ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́, wáyà ò yà fún un."

"Èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ dé òpópó?"

"Wáyà ló kọ́kọ́ dé, Kábíyèsí. Àmọ́ láti ìgbà tó ti dé, kò dàgbà. Igi mi dàgbà."

Ọ̀tún mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí. Baálẹ̀ fi ojú bá a wí, ó ṣíwọ́.

"Ó dára. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí o fi hú u?"

Nígbà tí Oyèwálé máa fèsì, ohùn àmín ti kúrò lọ́fun rẹ̀.

"Baálẹ̀, àrokò ni Màmá yìí fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fi igi bú mi níwájú ilé mi, wọ́n sì ní kí n máa bomi rin ín. Igi tó kúrú. Tó kan. Tó tún lẹ́gùn-ún." Ó dìde, ó na apá méjèèjì. "Ẹ wò mí."

Gbogbo ilé wò ó. Ẹlòmíràn wú ikọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Ilé mọ́kànlá ni mo gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sí iwájú wọn," Ọmọ́wùnmí sọ. "Tíṣà Jọláyẹmí nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ga dé àtẹ́rígbà, ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà níwájú tirẹ̀ náà. Wáyà ni mo wọ̀n, Díkínì. Mi ò wọn èèyàn."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ló rí ojú Oyèwálé, ó sì yé e pé ọkùnrin yìí kò purọ́ lórí èyí. Ọdún márùn-ún gbáko ló ti gbé ìbínú yẹn sáyà nítorí ohun tí kò wá sọ́kàn òun rí. Àánú fẹ́ ṣe é díẹ̀. Ó rántí ayùn Sátidé, ó gbé àánú náà mì.

"Ṣé o ní ẹlẹ́rìí?" Baálẹ̀ bi Oyèwálé.

"Mo ní méjì. Dúródọlá tó ta igi fún mi, àti ìyàwó mi."

Dúródọlá dìde. Ìkìrun ni wọ́n ti pè é wá, ọmọ igi ló ń tà ní ẹ̀bá títì níbẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó fẹ́ tètè padà sídìí ọjà rẹ̀.

"Mo ta igi fún wọn lóòótọ́. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n fẹ́ gbìn ín sí. Wọ́n ní inú oko."

"Irọ́ ni!" Oyèwálé pariwo. "Ẹ̀yìn ilé ni mo sọ."

"Kí ló wá gbé e dé iwájú ilé?" Baálẹ̀ béèrè.

"Kábíyèsí, ó dá lórí ibi tí èèyàn bá kọjú sí. Bí mo bá kọjú sílé, ọ̀nà ni ẹ̀yìn."

"Dúródọlá, máa wí."

"Mo kìlọ̀ fún wọn pé igi yìí ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ bó bá dàgbà. Wọ́n ní kí n di méjì fún àwọn."

"Méjì? Èkejì dà?"

"Ewúrẹ́ jẹ ẹ́," Oyèwálé dáhùn.

"Ewúrẹ́ yẹn ló yẹ ká fi ṣe alága ẹgbẹ́," Ọ̀tún wí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ọmọ́wùnmí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé, pé kí wọ́n gé orí Yúkà kó tó kan wáyà: 1993, 1994, 1995.

"Ẹgbẹ́ kò rí lẹ́tà kankan," Oyèwálé sọ.

"Ta ló ń gba lẹ́tà ẹgbẹ́?"

"Alága ni."

"Ṣé alága rí lẹ́tà?"

Oyèwálé wo àjà. "Alága rí i. Ẹgbẹ́ ni kò rí i."

"Ìyàwó rẹ dà?"

Mojíbọ́lá bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀. Ẹja tútù ló ń tà. Nígbà tí iná lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, fíríísà méjì ẹja ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú tó fi wo ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ojú ẹlẹ́rìí tí ọkọ ń fẹ́.

"Ìyá Àbúrò, sọ fún wọn pé kò sí lẹ́tà nílé wa," Oyèwálé wí.

"Lẹ́tà wà, Baálẹ̀. Abẹ́ tìmùtìmù ni wọ́n kó o sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Obìnrin yìí!"

"Ẹ ní kí n wá jẹ́rìí. Ẹ ò sọ irú ẹ̀rí tí mo máa jẹ́."

Baálẹ̀ na ọwọ́ kí Oyèwálé má sọ̀rọ̀ mọ́. "Ọmọ mi, kí lo tún mọ̀ nípa igi yìí?"

"Mo mọ̀ pé ní gbogbo ìparí oṣù, bàbá wa a lọ fara ti igi náà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orí ara wọn, wọ́n á wá wo ibi tí ọwọ́ dé lára igi."

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Mi ò bi wọ́n. Igi ń kúrò níbẹ̀, ọwọ́ ò kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀tún fi fìlà bo ojú. Oyèwálé kò wo ẹnikẹ́ni, Mojíbọ́lá sì dín ohùn kù, ó dà bíi pé ó rí i pé òun ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó ku ẹyọ kan, Baálẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n hú, èmi ni mo he é. Mo gbìn ín sẹ́yìn kíṣìnì. Ó ti ń so láti ọdún kejì. Òun ni mo fi ń fọ ẹja."

Oyèwálé yí pa dà pátápátá. "Ọsàn tí ò ń fún sínú tíì mi láràárọ̀?"

"Òun náà ni."

"Tí mo ní kò sí irú rẹ̀ lọ́jà?"

"Kò sí i lóòótọ́."

Nígbà tí Oyèwálé rí i pé ibi Yúkà ti ń jó òun, ó sáré bọ́ sí ibòmíràn.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká gbàgbé Yúkà, ó ti kú. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni mò ń bá àdúgbò sọ. Igi kan pa àgbò lónìí, ta ló mọ ohun tí èkejì máa pa lọ́la? Mo ní ìdí mẹ́ta tí igi kò fi wúlò rárá ní àdúgbò tó lajú."

Ọmọ́wùnmí ṣí ẹnu láti fèsì, Baálẹ̀ sì dìde dúró kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìdí mẹ́ta kò ṣeé gbọ́ nínú ilé," Baálẹ̀ wí. "Ẹ gbé àga. A ó lọ gbọ́ ọ níbi tí igi wà."

Agogo kan ọ̀sán ti lù. Wọ́n gbé àga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀lé Baálẹ̀ gba òpópó, wọ́n tò wọ́n síwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Oyèwálé, níbi tí kùkùté Yúkà wà. Oòrùn oṣù kẹrin wà lókè bí irin tí wọ́n yọ nínú iná. Ní òdìkejì ọ̀nà, igi fúrúùtù mẹ́rin tẹ́ ẹ̀ka wọn, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì dúdú, ó tutù. Àwọn èrò ìwòran ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n lọ dúró sí. Baálẹ̀ jókòó sínú oòrùn, ó ní kí Ọ̀tún jókòó tì í. Ọ̀tún jókòó, ó ń kùn.

"Díkínì, sọ ìdí mẹ́ta rẹ. Má kánjú."

"Ìdí kìíní," Oyèwálé bẹ̀rẹ̀, "ewé." Ó sọ̀rọ̀ ewé tó ń dí gọ́tà, ó sọ ti ewé tó ń rà lórí páànù. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ inú léèsì. Ó fi ọwọ́ kan gbé àga rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó kọjá gọ́tà.

"Ìdí kejì ni ẹyẹ." Ó ní ẹyẹ ń yàgbẹ́ sára ọkọ̀, ó ń ba aṣọ tí wọ́n sá jẹ́. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń sún àga. Ó ti dé àárín títì nígbà tí ọlọ́kadà kan tó ń lọ Òkukù fun fèrè mọ́ ọn. Ó sún fún un, ṣùgbọ́n kò sún padà sẹ́yìn.

Ọmọ́wùnmí kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń tan òun. Ó wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ ń wo Oyèwálé, kò ṣẹ́jú, òógùn ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìdí kẹta," Oyèwálé wí. Àga rẹ̀ ti kan ìdí igi fúrúùtù. Ó fẹ̀yìn tì í, ó ṣí agbádá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó mí kanlẹ̀. "Ìdí kẹta, òun sì ni olórí gbogbo wọn, ni pé igi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni."



"Díkínì," Baálẹ̀ pè é láti òdìkejì ọ̀nà, "níbo lo wà?"

Oyèwálé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo òkè. Ewé fúrúùtù kan já bọ́ sórí itan rẹ̀.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ní sọ́míìlì. Ọ̀tún Baálẹ̀ ní tòun, kò dúró gbọ́ ìdájọ́, ó ti gbé àga rẹ̀ kọjá títì.

Baálẹ̀ náà wá jókòó sábẹ́ igi, ó nu ojú, ó sì dá ẹjọ́.

"Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé kúrò. Tòkè ni ti Sátidé. Ní Sátidé, koríko ni àdá máa gé. Ẹni tó bá gé igi kan, màá ní kó dúró sójú ihò rẹ̀ kó máa ṣe igi náà lọ. Láti òní, ẹni tó bá fẹ́ gbin igi tàbí gé igi ní Òkè Ayọ̀, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onígi. Èmi náà wà nínú rẹ̀.

"Oyèwálé, wàá fi àgbò rọ́pò àgbò fún tíṣà. Wàá hú kùkùté Yúkà, wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sójú rẹ̀. Bí o sì ti sọ pé igi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, mo gbà ọ́ gbọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, o kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ òjìji igi kankan ní òpópó yìí, títí ọsàn wẹ́wẹ́ tìrẹ yóò fi ní òjìji tó bò ọ́ lórí ìjókòó. Dìde níbẹ̀ yẹn."

Oyèwálé dìde, ó gbé àga rẹ̀ padà sínú oòrùn. Mojíbọ́lá sá wọlé, ó mú agboòrùn jáde, ó ṣí i bò ó.

"Mo ta kò ó!" Ọ̀tún ké. "Ẹ wo ọwọ́ agboòrùn yẹn. Pákó ni. Òjìji igi ni."

Wọ́n gba agboòrùn, wọ́n gbé e fún Baálẹ̀, Baálẹ̀ fi èékánná ha ọwọ́ rẹ̀. Pákó ni lóòótọ́. Ó gbé e fún Ọmọ́wùnmí. "Màmá, irú igi wo nìyí?"

Ọmọ́wùnmí yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀. "Mẹláínà ni."

"Ṣé igi òpópó yìí ni?"

"Rárá, Baálẹ̀. Igbó ọba ló ti wá."

"A jẹ́ pé kò sí nínú ìdájọ́ mi. Ẹ dá a padà fún un. Ó wá kù kan: ọdún mélòó ni ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń lò kí òjìji rẹ̀ tó bo èèyàn?"

Gbogbo ojú yí sí Ọmọ́wùnmí. Bó bá ní mẹ́wàá, mẹ́wàá ni. Kò sẹ́ni tó lè já a ní koro níbẹ̀. Ó wo Oyèwálé lábẹ́ agboòrùn, léèsì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Bí wọ́n bá ń bomi rin ín dáadáa, ọdún márùn-ún," ó wí. "Márùn-ún fún irú tíṣà Jọláyẹmí. Fún Díkínì, mẹ́ta ti tó."

Ẹ̀rín fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Gbogbo wọn ń wo ohun tí Oyèwálé máa ṣe. Ó ronú sí i, ó fi ìka ka ọdún. Ẹnu rẹ̀ wá là díẹ̀díẹ̀.

"Ọdún méjì ni mo jèrè yẹn," ó sọ. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kíkúrú mi kò tíì gbè mí rí."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rín in.

Ní Sátidé, wọ́n gé koríko, wọ́n kó gọ́tà. Ọmọ́wùnmí dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti aago méje títí dé mẹ́wàá, ó ń ka àdá tó ń kọjá, kò sì sí èyí tó yà sídìí igi. Nígbà tí àwọn èèyàn túká, ó rí Oyèwálé níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun nìkan, pẹ̀lú ọkọ́. Ó ti hú kùkùté, ó ń wo ihò bí ẹni tó sọ nǹkan sínú rẹ̀.

Kò pe Ọmọ́wùnmí. Ọmọ́wùnmí ló kọjá títì lọ bá a.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ló ṣe yẹ kí ihò yìí jìn tó?"

"Kó dé ìgbọ̀nwọ́."

Oyèwálé wò ó fín-nífín-ní. "Ìgbọ̀nwọ́ ta?"

"Tèmi," Ọmọ́wùnmí wí. Ó kúnlẹ̀, ó ki apá bọ inú ihò. "Tèmi náà ò gùn. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i."